Iyanrìn Ilẹ̀ Àánú

Èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìjọsìn wa ní Turffontein, ní Johannesburg. Èmi ni mò ń gbá a, èmi ni mò ń tan àbẹ́là, ọwọ́ mi náà sì ni kọ́kọ́rọ́ géètì ń gbé. Ilé tí a yá ni, kò jìnnà sí pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré, a sì máa ń gbọ́ ariwo gbohùngbohùn wọn títí dé orí pẹpẹ ní ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn ilé náà ni Ilẹ̀ Àánú wà. A fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, a da iyanrìn funfun sí i, a sì fi páànù bo apá kan nítorí òjò. Ẹni tí ìpọ́njú bá dé bá a máa wọ ibẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà, láìtẹ́ ẹní, á sì máa gbé orí iyanrìn náà fún iye ọjọ́ tí a bá yàn fún un. Kì í jáde kọjá géètì títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni Sístà Fèyíkẹ́ wọ ibẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá ọmọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára, méjèèjì ní oṣù kẹfà, èyí àkọ́kọ́ ní Iléṣà, èkejì níbí. Ẹ̀kẹta yìí náà sì ti wọ oṣù kẹfà. Wòlíì Ọlọ́runṣògo, olórí ìjọ wa, gbàdúrà lé e lórí, ó sì ní kí ó wá fi ọjọ́ méje gbé lórí iyanrìn, kí oṣù náà lè rékọjá lórí rẹ̀ ní àlàáfíà. Ọkọ rẹ̀, Olúkúnlé, tó jẹ́ oníṣirò ní ilé-iṣẹ́ kan ní Roodepoort, ló gbé e wá. Inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i.

"Dókítà ní kí o máa sinmi," ó ní.

"Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbí ju kí n sinmi lọ?" Fèyíkẹ́ dá a lóhùn. "Mò ń rí dókítà, mò ń rí Ọlọ́run. Ìwọ ṣáà máa gbé búrẹ́dì wá."

"Búrẹ́dì nìkan?"

"Pẹ̀lú bọ́tà. Kí o sì sọ fún Roseline kó má fi ata pa mí."

Roseline ni àbúrò Olúkúnlé. Òun ló ń se oúnjẹ wá fún un ní ọ̀sán lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ó ti wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé omi àdúrà lọ fún Fèyíkẹ́. Mo bá a tí ó jókòó, tí ó ń họ ọrùn, tí ó ń họ itan.

"Bàbá Titus, tanpẹ́pẹ́ yín yìí ò tíì di onígbàgbọ́ o. Bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi ń ṣe ìkórè."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó na apá rẹ̀ jáde, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Ara rẹ̀ ti wú gúdugùdu. Wọ́n ti jẹ ẹ́ dé ara ikùn. Mo ní ọmọbìnrin méjì ní Ìkìrun, èyí àgbà jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo lọ gbé omi gbígbóná, mo dà á sí ihò àwọn kòkòrò náà, mo bu iyọ̀ lé e. Ńṣe ni wọ́n gba ibòmíràn jáde.

Nítorí náà ni mo fi wọ táàsì lọ sí àárín ìlú. Ọmọ Èkó kan wà níbẹ̀, Jẹ̀lílì, tó ń pàtẹ lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ó ń ta pańpẹ́ eku, ó ń ta kánfọ̀, ó sì ń ta oríṣiríṣi oògùn olómi nínú ike jùúsì àlòkù.

"Bàbá aláṣọ funfun!" ó pariwo. "Ẹ̀yin tí ẹ wọ bàtà lónìí yìí, ṣé wòlíì yín mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ tanpẹ́pẹ́ ni mo bá wá."

"Ẹ ò gbàdúrà sí i?"

"A gbà á. Wọ́n ní kí n wá bá ọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa ike kan jáde tí omi inú rẹ̀ pọ́n bí tíì. Kò sí ìwé kankan lára ike náà.

"Èyí tí àwọn olóko ń lò rèé. Nínú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń bù ú wá láti oko àgbàdo. Ìdérí kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan. Èèrà tó bá gbóòórùn rẹ̀ lásán, ó parí fún un."

"Kò ní ṣe ènìyàn ní nǹkan?"

"Ẹ fẹ́ mu ún ni?"

Gbogbo àwọn tó dúró ti tábìlì náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n tún béèrè, n kò tún béèrè mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nígbà tí Fèyíkẹ́ wà nínú ilé ìjọsìn fún àdúrà wákàtí mẹ́ta, mo po oògùn náà sínú agbè tí a fi ń bomi rin òdòdó, mo sì fọ́n ọn káàkiri iyanrìn. Ó ń rùn bí aáyù tí ó ti rà. Kí ó tó jáde, oòrùn ti gbẹ ẹ́, òórùn náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo gbá òkú tanpẹ́pẹ́ jọ bí èédú, mo kó wọn dànù kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Fèyíkẹ́ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé omi dé. "Bàbá, mo sùn! Ẹyọ kan ò jẹ mí. Kí lẹ ṣe?"

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí ènìyàn bá yìn ọ́, kí o gbé ìyìn náà fún Ẹni tí ó ni í. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu. N kò tilẹ̀ rò ó.

"Ọlọ́run ló ṣe é, ọmọ mi," ni mo wí.

Ó sì gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó sọ fún Wòlíì. Ní ọjọ́ Àìkú, Wòlíì dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó ní kí á fìyìn fún Olúwa: arábìnrin kan ké pè é lórí iyanrìn, Olúwa sì lé àwọn kòkòrò jáde kúrò ní ibùsùn rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn. Àwọn ìyá wólẹ̀. Àwọn kan ń sunkún. Ọ̀gbẹ́ni kan tí kò wá fún oṣù mẹ́rin wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní òun fẹ́ wọ Ilẹ̀ Àánú náà. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́ mi. Mo ní lọ́kàn mi pé bí ìjọ bá tú ká, màá sọ fún Wòlíì ní kọ̀rọ̀. Wọ́n tú ká, n kò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo dé Johannesburg ní ọdún 2009, ẹni tí ó pè mí wá kò gbé ìpè mi mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi sùn ní ibùdókọ̀. Wòlíì Ọlọ́runṣògo ló rí mi, ó fún mi ní yàrá tí mò ń gbé títí di òní, ó fún mi ní aṣọ funfun tirẹ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀. Kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ohun tí ó bá gbà gbọ́ ló ń sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé inú ike jùúsì ni iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ ti wá?

Ní ọjọ́ Ajé, òjò ńlá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bó ṣe máa ń rọ̀ níbí ní àsìkò ooru. Nígbà tí ó dá, mo rí tanpẹ́pẹ́ tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní etí búlọ́ọ̀kù. Bí Wòlíì bá rí wọn ńkọ́? Bí ìjọ bá rí wọn? Mo po oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì, ìdérí méjì dípò ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tanpẹ́pẹ́ ti kú, ṣùgbọ́n ekòló pẹ̀lú ti jáde nínú ilẹ̀, wọ́n nà gbalaja lẹ́bàá ojú àgbàrá, àti níbi tí omi òjò gbà lọ sí gọ́tà. Àdàbà méjì tó máa ń ṣa ọkà lágbàlá wa náà ti kú. Mo sin wọ́n sẹ́yìn ògiri. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti fura.

Mo tún fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ọjọ́ kẹfà ni ara Fèyíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣú. Òógùn bò ó nínú òtútù àárọ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ojú sì ń tì í. Inú ń lọ́ ọ. Wòlíì wá, ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Bí ó ti ń dìde, ó rí àdàbà kẹta tí n kò tíì gbé, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Ọ̀tá ti já bọ́. Ìjà náà ló le báyìí. Kò gbọdọ̀ jáde ní ọjọ́ keje mọ́. Ó di mẹ́rìnlá."

Kò tíì pé mẹ́rìnlá nígbà tí ó tún di mọ́kànlélógún. Bí àárẹ̀ náà ti ń le sí i ni à ń fi ọjọ́ kún ọjọ́, bí a sì ti ń fi ọjọ́ kún ọjọ́ ni àárẹ̀ náà ń le sí i. Fèyíkẹ́ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ jáde. Ìgbà tí Olúkúnlé bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa lọ sí ọsibítù, ó di iyanrìn mú ní ìkúnwọ́ méjèèjì.

"Olúkúnlé, bí mo bá jáde tí ọmọ yìí sì lọ, ta ni màá dá lẹ́bi? Èmi ni màá jẹ́ ẹni tó da àdéhùn tí mo bá Ọlọ́run ṣe."

Èmi ni mo ní èsì, ẹnu mi sì wà ní pípa. Ọwọ́ èmi pàápàá ti ń gbọ̀n. Mo máa ń gbé ife omi, kí ó sì máa dà sí mi láyà.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Wòlíì sọ pé òun rí i nínú ẹ̀mí pé ọwọ́ tó ń bọ́ arábìnrin náà ni ọwọ́ tó ń pa á. Kò dárúkọ ẹnìkan. Kò sì pọn dandan, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé oúnjẹ wá. Wọ́n ní kí n má ṣí géètì fún Roseline mọ́.

Ó wá ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró nínú, òun dúró níta, irin géètì wà láàárín wa.

"Bàbá Titus, ẹ wò mí lójú. Ṣé èmi ni?"

Mo ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n ti pe ìyá mi nílé. Wọ́n ní mò ń fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní májèlé. Èmi! Èmi tí mo ti ra aṣọ ọmọ pamọ́!" Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ṣí kúlà náà, ó bu ìrẹsì sínú ìdérí rẹ̀, ó sì tì í gba àárín irin. "Ó dáa. Ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ lójú mi, kí ẹ lọ sọ fún wọn."

Mo gba ṣíbí, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó dùn, ata rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Roseline kò sunkún mọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó rí nǹkan nínú omi.

"Ẹ ò bẹ̀rù," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Kí ni?"

"Gbogbo ìjọ gbà pé májèlé ni. Wòlíì gbà á. Ẹ̀yin jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Ẹ ò tilẹ̀ gbàdúrà sí i." Ó di irin géètì mú. "Bàbá, kí lẹ mọ̀?"

Mo ṣí géètì, mo jáde, mo tì í padà, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Jẹ̀lílì ni mo lọ tààrà. Mo fẹ́ kí ó sọ fún mi pé kì í ṣe oògùn náà.

"Ẹ dà á síbo?" Jẹ̀lílì béèrè.

"Orí iyanrìn. Ibi tí aboyún kan ń sùn."

Àwàdà kúrò lójú rẹ̀. Ó fà mí sẹ́yìn tábìlì. "Bàbá, oògùn oko ni mo pè é fún yín! Àwọn tó ń fọ́n ọn lóko, ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń bo imú, wọn kì í wọ oko náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń gba ara wọlé. Ẹ jẹ́ kí aboyún fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, kí ó tún fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí rẹ̀?" Ó gbá orí ara rẹ̀ mú. "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Kí ẹ gbé ike náà dání. Kí ẹ má dárúkọ mi, mo bẹ̀ yín."

Nínú táàsì ni mo ti fọwọ́ kan àpò mi, mo sì bá kọ́kọ́rọ́ géètì níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tí a ní ni.

Gbogbo róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ló pọ́n fún wa. Nígbà tí mo fi dé, Olúkúnlé ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró síwájú ilé, ó ń fi ejìká ti géètì. Roseline ló pè é. Nínú ọgbà, wọ́n ti gbé Fèyíkẹ́ dé ẹnu géètì láìrí ọ̀nà jáde. Ìfófòó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹran ara itan rẹ̀ ń fò pìpì lábẹ́ aṣọ. Wòlíì kúnlẹ̀, orí Fèyíkẹ́ wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ ṣí i!" Olúkúnlé pariwo mọ́ mi. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣí géètì yìí!"

Kò pè mí ní ọ̀gbẹ́ni rí. Ọwọ́ mi gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí Roseline fi já kọ́kọ́rọ́ náà gbà, ó sì ṣí i fúnra rẹ̀. Mo wólẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Kì í ṣe Roseline," ni mo wí. "Kò sí ọ̀tá. Èmi ni. Oògùn kòkòrò oko ni mo dà sí iyanrìn. Òun ló pa tanpẹ́pẹ́. Òun ló pa àwọn ẹyẹ. Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi."

Wòlíì bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sí ilẹ̀.

"Titus," ó ní. "O jẹ́ kí n jẹ́rìí èké lórí pẹpẹ."

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹsẹ̀ Fèyíkẹ́, Olúkúnlé gbé apá rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀. Mo sáré lọ mú ike náà wá.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Wọ́n gé aṣọ funfun kúrò lára Fèyíkẹ́, wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́. Dókítà náà tan iná sí mi lójú. Ó ní ọmọlójú mi ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Wọ́n bọ́ aṣọ èmi náà, wọ́n sì dá mi dúró. Ó ní bí a bá dé láìsí ike yẹn, ì bá ti pẹ́ kí òun tó mọ ohun tí òun ń bá jà. Ó ní bí a bá ti dé ní ọjọ́ kẹfà, ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta tí a ti wà níbẹ̀ ni Roseline wá pè mí. "Ó ní kí ẹ wá," ó ní, kò sì fi kún un.

Wòlíì ti wá kí mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti sọ òtítọ́ fún gbogbo ìjọ. Ọ̀pọ̀ ti lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú ti fi okùn yí Ilẹ̀ Àánú ká, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kó iyanrìn náà dà sí ibikíbi títí wọn yóò fi mọ ibi tí wọ́n lè gbé e sí. Ti èyí tí òjò gbé wọ gọ́tà, wọ́n ní kò sí ẹni tó lè kó o mọ́.

Fèyíkẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ ikùn rẹ̀, ọkàn ọmọ náà sì ń dún nínú rẹ̀, kíákíá, bí ẹni tó ń sáré. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọmọ náà wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí oògùn náà ti ṣe sí i títí a ó fi bí i. Olúkúnlé dúró ní ojú fèrèsé. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?" Fèyíkẹ́ béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin."

"Ìgbà wo lẹ fura?"

Mo lè sọ pé ìgbà tí Jẹ̀lílì sọ fún mi ni. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

"Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì," ni mo wí.

Ó pa ojú dé. Mo mọ̀ pé ó ń ka èyí tó kù. Ẹ̀rọ náà ń dún. Mo rọra yí padà sí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Kí o lè sinmi, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ẹ jókòó."

Roseline ti àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo jókòó. Ohùn ọkàn ọmọ náà wà létí mi bí ẹni pé inú orí mi ló ti ń dún. Ó falẹ̀ díẹ̀. Ó tún yára. Kò sí ibi tí mo lè yíjú sí tí n kò ní gbọ́ ọ.

"Ẹ gbàdúrà fún un," ni Fèyíkẹ́ wí.

Mo tẹrí ba, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Rárá. Ẹ gbà á sókè. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ fún Ọlọ́run."

Olúkúnlé yíjú padà láti ojú fèrèsé. Gbogbo orin tí mo mọ̀, gbogbo àdúrà tí mo ti há sórí láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo wá wọn, wọn kò wá. Mo di apá àga mú.

"Olúwa," ni mo wí, "ní ọjọ́ tí mo lọ sí àárín ìlú, mo béèrè bóyá yóò ṣe ènìyàn ní nǹkan, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín."

"Ẹ máa bá a lọ," ni Fèyíkẹ́ wí.